Líìsì Epo Tó Ń Lọ Sópin: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ni Àlùmọ́ọ́nì Abẹ́ Ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà Mọ̀

Ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ní ilẹ̀ tàbí tó jogún ilẹ̀ ní Texas, Oklahoma, Louisiana tàbí North Dakota máa ń kà, tí wọn á sì rò pé àwọn ti lóye rẹ̀ tán. Ìwé náà ni líìsì epo rọ̀bì àti gáàsì, ìyẹn àdéhùn tí ẹni tó ni epo abẹ́ ilẹ̀ fi ń fún ilé-iṣẹ́ epo láyè láti wá a. Wọ́n á rí i nínú rẹ̀ pé ọdún mẹ́ta ni, wọ́n á ka ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì gbà pé bí ọjọ́ bá ti pé, ohun ìní àwọn ti padà sọ́wọ́ àwọn nìyẹn. Ọjọ́ á pé, ilé-iṣẹ́ epo kò ní kọ lẹ́tà, kò sì ní kó ẹrù; nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní sí ẹ̀rọ kankan lórí ilẹ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n á ní líìsì ṣì wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn mìíràn wà tí líìsì wọn ti kú láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí wọn kò mọ̀, tí wọ́n ṣì ń dá ẹni tó fẹ́ fún wọn lówó tuntun padà pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun kan náà ló fa àdánù méjèèjì: wọn kò mọ ohun tó ń pa líìsì àti ohun tó ń mú un wà láàyè. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà nìkan ló ń pa á, kì í sì í ṣe ẹnu ilé-iṣẹ́ epo ló ń jí i. Ohun tí a kọ sínú ìwé àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lórí ilẹ̀ ni ó ń sọ ọ́.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń ṣòro fún àwa tí a dàgbà ní Nàìjíríà. Nílé, abala 44 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ti sọ gbogbo epo, gáàsì àti ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Ará Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí epo wà lábẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kì í jókòó pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ epo láti bá wọn dúnàádúrà lórí epo náà. Àbújá ló ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, ohun tí òfin epo ọdún 2021 sì fi sílẹ̀ fún àwọn ìlú tí epo ti ń jáde ni àpò owó kan, tí ilé-iṣẹ́ yóò máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá sí. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lásán, ìyá àgbà tó ń gbé inú ilé kékeré, lè jẹ́ ẹni tó ni epo tó wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ẹsẹ̀ bàtà nísàlẹ̀. Ó lè tà á, ó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ, ó sì lè fi háyà.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà ní Houston àti Dallas báyìí tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn, yálà nítorí pé wọ́n ra ilẹ̀, tàbí nítorí pé ọkọ tàbí ìyàwó wọn jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó béèrè bóyá líìsì ti tán, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ni àlùmọ́ọ́nì náà tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé òfin ibẹ̀ gbà kí a ya ojú ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ yẹn lọ́dún 1935 lè ti kọ ọ́ sínú ìwé pé òun kò ta epo abẹ́ rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ẹ́ títí dòní. Ènìyàn lè kọ́ ilé sórí ilẹ̀ kan ní Texas kí ó má ní ẹyọ àgbá kan nínú epo tó wà lábẹ́ yàrá rẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà ní London tí kò tẹ ilẹ̀ náà rí, tó jẹ́ pé òun ni ó ni ìdajì rẹ̀.

Bí ẹni tó ni àlùmọ́ọ́nì, tí n ó máa pè ní onílẹ̀ láti ibí lọ, bá tọwọ́ bọ líìsì, ó fún ilé-iṣẹ́ epo láyè láti wá epo àti gáàsì, láti gbẹ́ kànga, àti láti tà á. Owó méjì pàtàkì ló máa ń gbà. Èkíní ni owó ìtọwọ́bọ̀wé, tí wọ́n ń ṣírò lórí iye éékà, tí wọ́n sì ń san lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni royalty, èyí tí n ó máa pè ní ìṣákọ́lẹ̀ nínú àlàyé yìí, nítorí pé kò sí ohun tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ nínú àṣà wa: àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa fi díẹ̀ nínú ire oko ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ìṣákọ́lẹ̀ epo ní Amẹ́ríkà, òfin Pennsylvania kò sì gbà kó kéré sí iye yẹn. Ní àwọn agbègbè tí epo ti pọ̀ ní Texas lónìí, ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kan nínú mẹ́rin ni àwọn onílẹ̀ tó bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ń gbà. Lójú òfin Texas pàápàá, líìsì yìí kọjá háyà lásán. Ó sọ epo abẹ́ ilẹ̀ di ohun ìní ilé-iṣẹ́ náà títí di ìgbà tí ohun tí ìwé sọ pé kó máa ṣẹlẹ̀ kò bá ṣẹlẹ̀ mọ́, nígbà náà ni yóò sì padà sọ́wọ́ onílẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ lọ sí kóòtù.

Gbólóhùn tí gbogbo rẹ̀ dá lé kì í gùn. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀rẹ̀ ìwé, yóò sì sọ ohun tó jọ èyí: líìsì yìí yóò wà fún ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí a kọ sókè, àti lẹ́yìn náà fún gbogbo ìgbà tí epo tàbí gáàsì bá ṣì ń jáde láti inú ilẹ̀ náà, tàbí láti inú ilẹ̀ tí a dà á pọ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ ní iye ọdún: mẹ́ta ló wọ́pọ̀, márùn-ún wà, mẹ́wàá sì wà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Ìgbà kejì kò ní iye ọdún rárá. Ọ̀rọ̀ náà “àti lẹ́yìn náà” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò kọjá, bẹ́ẹ̀ òun ló lè sọ ọdún mẹ́ta di ọgọ́rin ọdún; àwọn líìsì kan wà ní Texas àti Oklahoma tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ohun méjì míì wà nínú ìwé náà tó ń yí ọjọ́ ìparí padà. Ọjọ́ tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí líìsì, ó sì lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, nígbà mìíràn pẹ̀lú oṣù kan tàbí méjì. Èkejì sábà máa ń wà lẹ́yìn, nínú àwọn ojú ìwé àfikún tí ó rẹ ènìyàn láti kà: pé ilé-iṣẹ́ epo ní ẹ̀tọ́ láti fi ọdún méjì kún ọdún mẹ́ta bí ó bá ti san iye kan lórí éékà kọ̀ọ̀kan kí ọjọ́ tó pé. Bí ó bá wà níbẹ̀, kò sí ohun tí onílẹ̀ lè ṣe sí i ju kó wò ó bóyá wọ́n san owó náà pé, àti bóyá wọ́n san án lásìkò.

Wàyí o, kí ló gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ ìkẹyìn tó ṣú? Àwọn líìsì kan ní kí epo ti máa jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí iṣẹ́ gbígbẹ́ kànga ṣáà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì dá a dúró. Níbi tí ìwé bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ti gbà pé kò dìgbà tí irin bá wọ ilẹ̀: bí katapílà bá ti ń tún ojú ibi tí kànga yóò wà ṣe, tí wọ́n sì ń la ọ̀nà débẹ̀ pẹ̀lú èrò òdodo láti gbẹ́ kànga náà títí dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi máa ń rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lóru lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò fún ọdún mẹ́ta gbáko. Onílẹ̀ tó bá wà nítòsí, kí ó ya fọ́tò, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀.

Bí epo bá ti ń jáde, ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ó ń jáde tó. Kì í ṣe gbogbo kànga tó ń kán tótótó ló lè mú líìsì dúró. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Clifton v. Koontz, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Texas fi ìlànà lélẹ̀ lọ́dún 1959: a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá kànga náà mú èrè wá ju owó tí wọ́n ń ná láti máa fi fà á lọ, láàárín àkókò tó bójú mu, bí kò bá mú èrè wá, a ó tún béèrè bóyá oníṣòwò tó gbọ́n, tí kò kàn fẹ́ di ilẹ̀ mú lásán, yóò ṣì máa fà á nìṣó ní ìrètí èrè. Ẹ jẹ́ ká fi owó sọ ọ́. Ká ní kànga kan ń mú dọ́là 2,000 wá lóṣù, tí ìṣákọ́lẹ̀ onílẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, dọ́là 1,500 ló kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Bí iná mànàmáná, owó òṣìṣẹ́, owó orí àti owó gbígbé omi iyọ̀ tó ń bá epo jáde lọ dànù bá jẹ́ dọ́là 1,700, wọ́n ń pàdánù. Oṣù kan bẹ́ẹ̀ kò pa líìsì, oṣù mẹ́ta náà sì lè má pa á, nítorí pé kóòtù kò yan iye oṣù kan pàtó. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀ tàbí méjì, onílẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ láti gbé lọ bá agbẹjọ́rò. Owó tí wọ́n fi gbẹ́ kànga níbẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ìṣírò yìí.

Oklahoma yàtọ̀. Níbẹ̀, kànga tó bá lè mú epo jáde ní iye tó lérè lè mú líìsì dúró bí wọn kò bá tilẹ̀ tíì máa tà á, nígbà tó jẹ́ pé ní Texas epo náà gbọ́dọ̀ máa jáde ní ti gidi, àyàfi bí ìwé bá sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ ìyá méjì lè jogún ilẹ̀ sí apá méjèèjì odò Red River, tó pààlà láàárín Texas àti Oklahoma, kí líìsì ọ̀kan kú kí ti èkejì sì wà, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sórí ilẹ̀ méjèèjì. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí ọ̀rẹ́ fún ọ láti ìpínlẹ̀ mìíràn kò tó ohun tí o lè gbára lé.

Ibi tí mo ti rí i pé àwọn ènìyàn ń ṣubú jù ni ọ̀rọ̀ dídà ilẹ̀ pọ̀. Ká fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ tó ní éékà 160. Nínú líìsì rẹ̀, ó gbà kí ilé-iṣẹ́ epo da ilẹ̀ òun pọ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò. Wọ́n mú éékà 20 péré nínú tirẹ̀, wọ́n dà á mọ́ ti àwọn mìíràn kó fi pé éékà 640, wọ́n sì gbẹ́ kànga kan sórí ilẹ̀ aládùúgbò. Ìyá kò rí kànga kankan lórí ilẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí owó bá dé, ìdá 20 nínú 640, tó jẹ́ kan nínú 32, ni ti ilẹ̀ rẹ̀ nínú àpapọ̀ náà. Bí ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ bá sì jẹ́ kan nínú mẹ́rin, kan nínú 128 ló kàn án. Ìyẹn kò burú bí owó, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù: kànga kan ṣoṣo tó wà lórí ilẹ̀ aládùúgbò yẹn ti di gbogbo éékà 160 mú, títí kan éékà 140 tí kò sí nínú àpapọ̀, tí kò sì mú kọ́bọ̀ wá. Wọ́n lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún.

Ohun tó ń gba onílẹ̀ lọ́wọ́ èyí ni ìpínrọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Pugh, orúkọ agbẹjọ́rò kan ní Crowley, Louisiana, tó kọ ọ́ sínú líìsì lọ́dún 1947. Ohun tó sọ ni pé bí ìgbà àkọ́kọ́ bá ti parí, ilẹ̀ tó wà nínú àpapọ̀ tí epo ti ń jáde nìkan ni líìsì yóò dì mú; ìyókù yóò padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ní Oklahoma, òfin ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀: bí àpapọ̀ bá tó éékà 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ tó wà níta rẹ̀ kò lè wà ní dídìmú ju 90 ọjọ́ lọ lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́. Ní Texas, bí o kò bá kọ ọ́ sínú ìwé, kò sí.

Ìpínrọ̀ náà tún lè sọ̀ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ń gbòòrò. Ní agbègbè Permian, ní ìwọ̀-oòrùn Texas, àwọn àpáta tí epo wà nínú wọn tò léra bí odindi ilé alájà púpọ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ Spraberry, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Wolfcamp, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí líìsì kò bá ya ìjìnlẹ̀ sọ́tọ̀, kànga kan tó ń fa epo láti òkè lè di gbogbo àjà tó kù nísàlẹ̀ mú láìfọwọ́ kàn wọ́n. Onílẹ̀ tó kọ ọ́ pé ohun tó bá jìn ju ibi tí kànga dé, kí ó padà sọ́wọ́ òun, lè fi àjà ìsàlẹ̀ háyà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó sì gba owó ìtọwọ́bọ̀wé tuntun.

Àwọn líìsì ńlá tún máa ń ní ìpínrọ̀ gbígbẹ́ kànga láìdáwọ́ dúró, tó sọ pé lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, kànga kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òmíràn láàárín iye ọjọ́ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ tí wọn kò tíì gbẹ́ yóò padà. Ẹjọ́ kan wà tó fi hàn bí ọjọ́ ṣe lágbára tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Loving County, Texas, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ MRC Permian ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kànga tó kàn ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi ọjọ́ náà kọ, wọ́n sì ti fi iṣẹ́ náà sí oṣù kẹfà. Nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe wọn, wọ́n ní ìṣòro tó bá ẹ̀rọ ìgbẹ́kànga àwọn lórí kànga mìíràn níbòmíràn ló dá àwọn dúró, pé ìpínrọ̀ àjálù tó kọjá agbára ẹni bo àwọn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Texas kò gbà, nínú ìdájọ́ oṣù kẹrin ọdún 2023: iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣètò fún ẹ̀yìn ọjọ́ ìparí láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè jẹ́ iṣẹ́ tí àjálù dá dúró. Ilé-iṣẹ́ Point Energy, tó ti gba líìsì tuntun lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ló bá wọn wọ̀yá ìjà náà. Ṣùgbọ́n kí onílẹ̀ má tìtorí èyí rò pé kóòtù máa ń yára pa líìsì. Lọ́dún 2020, nínú ẹjọ́ láàárín Endeavor àti Energen, kóòtù kan náà sọ pé gbólóhùn tó lè ní ìtumọ̀ méjì kò tó láti fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó háyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pípa líìsì bẹ́ẹ̀, ohun tí kò bá hàn kedere nínú ìwé, ilé-iṣẹ́ epo ni yóò jàǹfààní rẹ̀.

Owó kan tún wà tí àwọn ènìyàn máa ń rí gbà tí wọn kì í mọ ohun tó jẹ́: owó kànga tí a tì pa. Bí kànga gáàsì bá ti wà ṣùgbọ́n tí kò sí ọ̀pá tí yóò gbé gáàsì lọ sọ́jà, tàbí tí ọjà kò dára, ìwé lè gbà kí ilé-iṣẹ́ tì í, kí wọ́n sì máa san owó kékeré lọ́dọọdún dípò ìṣákọ́lẹ̀ kí líìsì má bàa kú. Nígbà tí iye epo já ré kọjá òdo sísàlẹ̀ ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ti kànga wọn pa. Kí onílẹ̀ wo bóyá ìwé tirẹ̀ fàyè gba títì kànga epo rọ̀bì, nítorí pé gáàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé dárúkọ. Kí ó sì wo bóyá ìwé dá iye ọdún tí wọ́n lè fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ìpínrọ̀ mìíràn máa ń fún wọn ní 60 tàbí 90 ọjọ́ láti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bí kànga bá dákẹ́ lójijì. Onílẹ̀ tó rí i nínú àkọsílẹ̀ pé kànga òun dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà gbáko láìsí iṣẹ́ kankan lórí rẹ̀ ti rí ohun pàtàkì.

Ìgbà kan wà tí gbogbo èyí hàn sójú táyé. Ní nǹkan bí ọdún 2008, nígbà tí gáàsì àpáta Haynesville di ohun ńlá ní Louisiana àti ìlà-oòrùn Texas, ilé-iṣẹ́ epo ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí éékà kan fún líìsì ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ọdún mẹ́ta ń pé, gáàsì ti pọ̀ lọ́jà, ní oṣù kẹrin ọdún 2012 iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ kọjá dọ́là méjì lórí mílíọ̀nù BTU kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tà á. Wọ́n ń gbẹ́ kànga síbẹ̀, nítorí pé owó tí wọ́n ti san lórí ilẹ̀ yóò ṣòfò bí líìsì bá kú. Àwọn onílẹ̀ tó gbà pé wọ́n ń gbẹ́ kànga nítorí pé ọjà dára kò mọ̀ pé ọjọ́ ìparí ló ń lé wọn.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ ibi tí líìsì tirẹ̀ wà? Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, ó sì yẹ kí onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ní oṣù mẹ́fà sí ìgbà tí ọjọ́ náà yóò pé. Kí ó wá odindi líìsì náà pẹ̀lú gbogbo ojú ìwé àfikún rẹ̀. Mo tẹnu mọ́ odindi nítorí pé ohun tí ilé-iṣẹ́ máa ń fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì akọ̀wé county (tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa) lè jẹ́ ìwé ojú kan tó kàn sọ pé líìsì wà, láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀dà yín bá ti sọnù, ẹ kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọ́fíìsì county kan náà ni a ti ń rí ìwé ìdàlẹ̀pọ̀ tí wọ́n bá ti da ilẹ̀ yín mọ́ ti ẹlòmíràn, àti ìwé tó fi hàn bí wọ́n bá ti ta líìsì náà fún ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn náà, àjọ tó ń bójú tó epo ní ìpínlẹ̀ máa ń gbé máàpù kànga àti iye epo tó ń jáde lóṣooṣù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni: ní Texas, Railroad Commission ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú rélùwéè mọ́, ní Oklahoma, Corporation Commission ni. Wọn yóò sọ ohun tó jáde fún yín. Wọn kì í sọ bóyá líìsì ti kú, nítorí pé iṣẹ́ kóòtù nìyẹn.

Àsìkò tí ọjọ́ ń súnmọ́ náà ni lẹ́tà máa ń pọ̀. Ẹnìkan á pè, ohùn rẹ̀ á tutù, á ní kí ẹ kàn tọwọ́ bọ ìwé kékeré kan kí nǹkan lè máa lọ bó ṣe ń lọ. Ìwé kékeré yẹn lè jẹ́ ìwé àfikún ọdún, tàbí ìwé ìfìdímúlẹ̀ tó ń jí líìsì tó ti kú dìde. Àwọn mìíràn a máa fi ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun tó jọ sọ̀wédowó lára rẹ̀, tí àkọlé ìwé náà yóò sì jẹ́ Mineral Deed tàbí Royalty Deed. Líìsì kọ́ nìyẹn. Títà ni, pátápátá, títí láé, ohun tó jọ sọ̀wédowó yẹn sì lè jẹ́ ìwé tí báńkì kò ní san títí tí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi tún inú rò. Bákan náà, bí ọjọ́ bá ti kọjá tí ẹ sì rò pé líìsì ti kú, ẹ má ṣe gba owó kànga tí a tì pa tàbí owó ìdúró, èyí tí wọ́n ń san kí wọ́n lè sún gbígbẹ́ kànga síwájú, sínú báńkì kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, nítorí pé ilé-iṣẹ́ lè fi gbígbà yẹn jiyàn pé ẹ̀yin fúnra yín ti gbà pé líìsì wà.

Bí líìsì bá kú ní tòótọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ onílẹ̀ le jù. Òun ló lè béèrè ìṣákọ́lẹ̀ tó ga, ìpínrọ̀ Pugh fún ẹ̀gbẹ́ àti fún ìjìnlẹ̀, àti pé kí wọ́n má yọ owó gbígbé àti owó sísọ gáàsì di mímọ́ kúrò nínú ìpín rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ lè wá kí líìsì àkọ́kọ́ tó parí, kí ó gba líìsì tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá kú. Òfin gbà á, ṣùgbọ́n kí owó rẹ̀ má jẹ́ ìlérí lásán, kí a sì kọ ọjọ́ tí yóò dópin bí ti àkọ́kọ́ kò bá kú. Níbi tí àwọn ọmọ bá ti jogún ohun kan pa pọ̀, olúkúlùkù wọn ló lè tọwọ́ bọ líìsì fún ìpín tirẹ̀, nítorí náà ọjọ́ ìparí ti ẹ̀gbọ́n lè yàtọ̀ sí ti àbúrò. Kí wọ́n jókòó kí wọ́n fi ìwé wọn wé ara wọn.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan kò sì fàyè gba kí ohun ìní yìí sùn. Ní Louisiana, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí epo tí kò ni ojú ilẹ̀ yóò pàdánù ẹ̀tọ́ náà bí ọdún 10 bá kọjá láìsí kànga tàbí iṣẹ́ gbígbẹ́ kànga. Títọwọ́ bọ líìsì nìkan kò dá kíkà náà dúró. Ní North Dakota, ọdún 20 láìlò ni, ẹni tó ni ojú ilẹ̀ sì lè gbà á, àyàfi bí ẹni tó ni epo bá fi ìwé sí county pé òun ṣì wà. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí London tí líìsì rẹ̀ kú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ kànga dáwọ́ dúró, nítorí pé òfin ìpínlẹ̀ ni yóò sọ ọjọ́ tí wọn yóò ti máa kà.

Ohun tó kù ni ìwé ìtúsílẹ̀. Líìsì lè kú kí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà nínú ìwé county bíi pé ó wà láàyè, ilé-iṣẹ́ tuntun kì í sì fẹ́ fi owó sórí ilẹ̀ tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ní Kansas àti North Dakota, òfin fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ fi ìwé ìtúsílẹ̀ sílẹ̀ bí líìsì bá ti parí. Níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ nípa ọ̀nà tí ẹni tó gbà á yóò fi tọwọ́ bọ̀wé, ẹ kọ orúkọ yín àti ti ẹni tó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ líìsì bí ó bá jẹ́ òbí yín, ẹ kọ ọjọ́ líìsì, ìwé àti ojú ewé tó wà ní county, àpèjúwe ilẹ̀, àti ìdí tí ẹ fi gbà pé ó ti parí: ìgbà àkọ́kọ́ parí lọ́jọ́ báyìí, kànga kan kò sí, tàbí kànga báyìí dákẹ́ láti oṣù báyìí. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìtúsílẹ̀ sí county láàárín 30 ọjọ́, tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi gbà pé líìsì ṣì wà. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ ó mọ ìpínrọ̀ tí wọ́n gbára lé. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ̀dà lẹ́tà yẹn àti ìwé tó fi hàn pé wọ́n gbà á ni ohun àkọ́kọ́ tí agbẹjọ́rò yín yóò béèrè.